Omitoro Àgbò Kì Í Ṣe Omi Dídànù

Ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ obìnrin kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi káàkiri orí tábìlì, tó sì jẹ́ pé orí mi ló wà.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ kú ìmúra ọdún, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Kí n tó sọ ohunkóhun, abọ́ kan wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ gbà á, kí ẹ gbé e kiri láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn. Ẹ mì í díẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe ń gbọ̀n? Ó dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, àbí? Kò sí ògì nínú rẹ̀ o, n kò sì bu ìyẹ̀fun kankan sí i. Ọrùn àgbò ni mo sè lánàá, wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lórí iná kékeré. Mo kó ẹran kúrò, mo sẹ́ omi tó kù, mo gbé e sínú fíríìjì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ láàárọ̀ lẹ̀ ń wò yìí. Èyí tó funfun, tó le bí àbẹ́là lókè yẹn, ọ̀rá ni. A ó padà sórí rẹ̀. Èyí tó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ jẹ́ ìpè yín.

Ohun tó wà nínú abọ́ yẹn gan-an la máa ń dà sí gọ́tà lọ́jọ́ ọdún. Ẹ má bínú, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é, èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á kun àgbò tán, a ó kó o sínú ìkòkò ńlá, a ó da omi lé e lórí bí ẹni tó fẹ́ fọ aṣọ, a ó ko iná mọ́ ọn. Bó bá ti hó, tí òórùn àgbò ń jáde, a ó da omi àkọ́kọ́ nù. A ó bu òmíràn sí i pẹ̀lú kúùbù bíi mẹ́wàá. Kò ní tíì rọ̀ tí ẹnì kan á fi pariwo pé àwọn àlejò ti dé. A ó yọ ọ́, a ó jù ú sínú òróró gbígbóná, á gbẹ, á dúdú, á le koránkorán. Ọmọ á jẹ ẹ́ jẹ ẹ́, á tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Àgbò tí a fi owó gọbọi rà, tí a so mọ́ iwájú ilé kí aládùúgbò lè rí i, ajá ló máa jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, bí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣágámù ni wọ́n bí mi sí, ilé bàbá mi kò sì jìnnà sí Sábó, níbi tí àwọn Hausa tó ń ra obì tẹ̀dó sí. Ìyá Hausa kan wà ládùúgbò wa tó máa ń se orí àti ẹsẹ̀ àgbò tà láàárọ̀. Alẹ́ ló máa ń gbé e kaná. Bó bá ti hó lẹ́ẹ̀kan, á fa igi kúrò, á ku ẹ̀ṣẹ́ná nìkan, á dé ìkòkò, á lọ sùn. Ní ìdájí, òórùn rẹ̀ ló ń jí wa. Ẹran náà á ti já kúrò lára egungun fúnra rẹ̀, omi rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ọmọdé ni wá, a máa ń bi í pé kí ló dé tí kò tètè sè é láàárọ̀. Òwe wọn ló fi ń dá wa lóhùn: onísùúrù a máa se òkúta títí yóò fi mu omitoro rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọdún tí mo di olùkọ́ ìmọ̀ ìdáná, tí mo ka ohun tí iná ń ṣe lára ẹran nínú ìwé, ló tó yé mi pé ìyá yẹn kò pa òwe lásán. Ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Nǹkan méjì ló wà nínú ẹran tó kan ẹni tó ń dáná. Ìkínní ni àwọn fọ́nrán ẹran fúnra wọn, àwọn tó máa ń há sí wa léyín. Ìkejì ni awọ funfun tín-ín-rín tó di àwọn fọ́nrán náà pọ̀, tó wá nípọn di iṣan níbi tí ẹran ti pàdé egungun. Collagen lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ibi tí ẹranko bá ti ń ṣiṣẹ́ jù lára ló ti pọ̀ jù: ọrùn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹ koríko, apá àti ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, ìrù tó fi ń lé eṣinṣin.

Àwọn méjèèjì yìí kò fẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ iná. Bí ooru inú ẹran bá ti tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fọ́nrán á fà mọ́ra, á sì máa fún omi ara rẹ̀ jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Awọ funfun ní tirẹ̀ kì í tètè gbà. Ìgbà tí ooru bá kọjá 70 ló máa ń yọ́ dáadáa, wákàtí ló sì ń fẹ́, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Bó bá yọ́, á di ohun tó ń gbọ̀n nínú abọ́ tó ń lọ káàkiri yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní gelatin. Nítorí náà, ẹran tí ẹ gbé kaná á kọ́kọ́ le sí i kó tó rọ̀. Ìgbà tó bá le jù, ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ni a máa ń sọ pé, “Ẹran burúkú ni alápatà yìí tà fún mi,” tí a sì máa ń yọ ọ́ lọ dín. Alápatà kò ṣe nǹkan kan o. Àwa la yọ ọ́ lórí iná kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé, ẹ̀yin Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní ẹ mọ owó ṣọ́. Omi tó ń hó, 100 ni ooru rẹ̀. Bí ẹ bá tan gáàsì títí iná fi ń yọ létí ìkòkò, 100 náà ni. Iná ńlá kò lè mú omi gbóná ju bó ṣe gbóná lọ. Ooru omi ló ń sọ di ọ̀pọ̀, á sì máa gbá ẹran kiri inú ìkòkò. Ẹran kò sì fẹ́ 100. Bí omi bá wà láàárín 85 sí 95, tí ìhó kan ń yọ níhìn-ín, tí òmíràn ń yọ lọ́hùn-ún, ó ti tó. Nítorí náà, bí omi bá ti hó, ẹ yí gáàsì wálẹ̀ títí iná fi máa kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí èmi bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ orin.

Àwọn kan nínú yín máa ń wo fídíò lórí fóònù, wọ́n á rí òyìnbó tó ń se lamb fún wákàtí kan àtààbọ̀, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Wọ́n ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀, ó yi bíi rọ́bà. Ohun tó fà á ni pé lamb tí wọ́n ń sọ, ọ̀dọ́ àgùntàn ni, kò tíì pé ọdún kan. Àgbò tí a ń rà fún Iléyá ti sábà dàgbà ju ìyẹn lọ. Bó bá ṣe ń dàgbà ni awọ funfun inú ẹran rẹ̀ ń le sí i, ó di kí a fi wákàtí kún un. Bí ẹ bá dé Sábó tàbí ibi yòówù tí ẹ ti ń ra àgbò, ẹ ní kí wọ́n yà á lẹ́nu. Bí eyín ńlá méjì bá ti hù láàárín eyín wẹẹrẹ iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ti pé ọdún kan, ó lè sún mọ́ ọdún kan àtààbọ̀. Bí eyín ńlá náà bá ti di mẹ́rin, ẹ tètè gbé ìkòkò kaná.

N kò mọ ìdí tí sùúrù ẹran fi ń nira fún wa. Ẹ̀yin lẹ ni gààrí tí gbogbo Nàìjíríà ń bèèrè. Kí ló mú gààrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀? Ẹ̀gẹ́ kan náà ni gbogbo ayé ń rin. Ẹ̀yin kàn jẹ́ kí ó pẹ́ nínú àpò ni, ẹ jẹ́ kí ó kan dáadáa kí ẹ tó yan án. Ẹni tó lè fi ọjọ́ mélòó kan dúró de ẹ̀gẹ́ kò lè dúró wákàtí mẹ́ta de àgbò? Àwọn tó wà níwájú ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Bí mo ṣe sè é lánàá nìyí. Ọrùn àgbò kan pẹ̀lú apá kan, ó lé díẹ̀ ní kílò méjì. Mo gé e tóbi, ó tó ìkúùkù ọmọdé, nítorí èyí tí a bá gé wẹ́wẹ́ á tú ká kó tó rọ̀. Mo fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ má fojú kéré èyí: ẹran tó tutù rinrin kì í pọ́n, ṣe ló máa ń bọ̀. Mo fi iyọ̀ pa á lára, n kò fi púpọ̀. Mo gé ọ̀rá díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ìkòkò tó nípọn nídìí, mo jẹ́ kó yọ́, mo wá ń to ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má fún ara wọn. Ó pọ́n níhà kan, mo yí i. Ṣíṣá-ṣàà tó ń dún yẹn, ibẹ̀ ni adùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo kó o kúrò, mo da ọ̀rá tó pọ̀ jù nù, mo gé àlùbọ́sà mẹ́ta sínú ìkòkò kan náà, mo fi omi díẹ̀ ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni atalẹ̀, aáyù, tàtàsé tí mo lọ̀, ata rodo méjì tí mo jù sí i lódindi. Mo dá ẹran padà. Omi tí mo bù sí i kò bo ẹran o! Ìdajì ẹran ni omi dé. Mo tẹ́ ewé lé e lórí, mo dé e pinpin.

Ẹ wò ó, ibi tí omi ti kéré yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń sè nínú omi, èyí tó wà lókè ń sè nínú ooru omi. Ooru yẹn á gun òkè, á kan ìdérí, á di omi padà, á kán sórí ẹran. Ohunkóhun tó bá jáde lára ẹran kò níbì kan tó máa lọ. Àwọn ará Mòrókò ní ìkòkò amọ̀ kan tí ìdérí rẹ̀ rí ṣóńṣó bí akẹtẹ̀ darandaran, tagine lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí náà ló ń ṣe. Ìṣaasùn tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ ń ṣe é pẹ̀lú, àwa la gbé e jù sẹ́yìn ilé tí a wá ń gbin òdòdó sí i. Àwọn ará Íráànì tilẹ̀ máa ń se àgùntàn àti ẹ̀wà inú ìkòkò kékeré fún wákàtí púpọ̀. Bó bá délẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ da omitoro rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gún ẹran àti ẹ̀wà pọ̀ jẹ. Omitoro ni oúnjẹ àkọ́kọ́ níbi tiwọn. Níbi tiwa, gọ́tà.

Mo kúrò lórí sísè, mo bọ́ sórí ohun tó ń ṣe lára.

Ẹran àgbò tí kò lọ́ràá púpọ̀, bí a bá sè é tán tí a wọn 100 gíráàmù rẹ̀, tó jẹ́ bí ègé méjì tó dára, purotéènì inú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 25. Fítámì B12 wà nínú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí àgbàlagbà ń fẹ́ lóòjọ́, kò sì sí ewébẹ̀ kankan tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé fún fítámì yẹn. Síǹkì wà níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí egbò tètè jinná, tí ara ọmọ sì fi ń lè bá àìsàn jà. Ṣùgbọ́n irin ni mo fẹ́ dúró lé lórí, èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí obìnrin ló pọ̀ jù níbí.

Mílígíráàmù irin tó wà nínú 100 gíráàmù ẹran àgbò kò pọ̀, bíi méjì ni. Ní Amẹ́ríkà, 18 ni wọ́n ní kí obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ máa gbà lójúmọ́, 27 fún aboyún, 8 péré fún ọkùnrin. Ẹnì kan á sọ pé, “Ẹ̀fọ́ tètè náà ní irin.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin inú ewé àti ẹ̀wà, díẹ̀ ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀. Irin inú ẹran pupa yàtọ̀, ara lè gba ìdá 15 sí 35 nínú 100 rẹ̀. Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé bí ẹran díẹ̀ bá wà nínú ẹ̀fọ́, ẹran náà á ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́. Nítorí náà, ìyàwó ilé tó bá kó gbogbo ẹran fún ọkọ, tó wá fi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ̀bà, ẹni tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ jù ni kò rí i jẹ. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Bí bàbá kan bá wà níbí, kó má bínú.

Fítámì C náà ń ran irin lọ́wọ́. Ata rodo àti tàtàsé kún fún un, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lórí iná fún wákàtí mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú fítámì C rẹ̀ ti lọ. Ẹ tọ́jú ata tútù díẹ̀, ẹ gé e sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọsàn kan tẹ̀ lé oúnjẹ. Tíì àti kọfí ń ṣe òdìkejì, wọ́n máa ń di irin mú kí ara má rí i gbà. Obì náà ní irú èròjà kíkorò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ṣágámù ni mí, n kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ obì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí oúnjẹ lọ sílẹ̀ ná, kí wákàtí kan tàbí méjì kọjá.

Àwọn fítámì B kan wà tó máa ń yọ́ sínú omi. Bí ẹran bá ṣe ń fún omi ara rẹ̀ jáde, wọ́n ń bá a lọ. Ẹ wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ omi àkọ́kọ́ tí a ń dà nù fi ń dùn mí. Òórùn ni ẹ ń sá fún, mo mọ̀. Òórùn àgbò kò sí nínú omi, inú ọ̀rá ló wà. Ẹ gé ọ̀rá ìta kúrò kí ẹ tó sè é, ẹ kó èyí tó léfòó kúrò nígbà tó bá jinná, ẹ ju ẹ̀fínrín sí i, òórùn náà á lọ, omi yín á sì kù síbẹ̀.

Ọ̀rá yẹn, ẹ tún wo abọ́ náà. Ọ̀rá àgùntàn le ju ti ọ̀pọ̀ ẹranko lọ, ó tó ooru 44 kó tó máa yọ́, ẹnu wa sì rèé, 37 péré. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí ọbẹ̀ bá tutù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú kí cholesterol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá sè é lónìí tí ẹ jẹ ẹ́ lọ́la, kò sí wàhálà kankan nínú kíkó o kúrò: á ti dì, ẹ kàn máa ṣí i bí ẹni ṣí ìdérí ni. Èyí ni oúnjẹ àsìkò ọdún kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń dùn sí i tó bá di ọjọ́ kejì, tó sì tún sàn fún ara sí i. Ẹ sè é ní ọ̀la Iléyá, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ẹ bá ti Ojúde Ọba dé tí ẹsẹ̀ ń dùn yín tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dáná.

Nípa gelatin fúnra rẹ̀, mo fẹ́ ṣọ́ ẹnu mi. Oúnjẹ ni, purotéènì ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tryptophan, kò sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà kò lè rọ́pò ẹran tàbí ẹyin fún ọmọ. Ara kì í sì í gbé e lọ tààrà sí orúnkún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé omitoro rẹ̀ á tún orúnkún yín ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ béèrè eélòó ló ń tà á. Àwọn tó rò pé kálíṣíọ̀mù egungun á ti yọ́ sínú omi, díẹ̀ báyìí ló ń yọ́. Ẹ wá a sínú ẹja wẹẹrẹ tí a ń jẹ tegungun-tegungun.

Ibi tí omitoro ti ṣe wá lóore gan-an ni ti iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, kò ju ṣíbí kékeré kan lọ, kúùbù sì kún fún iyọ̀. A ń fi kúùbù wá adùn tí a ti dà nù ni. Omitoro tó ki bí èyí kò nílò mẹ́wàá, ọ̀kan lè pọ̀ jù fún un. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, kó gbọ́ èyí dáadáa.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2015, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé fi ẹran pupa sí ara ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn má jẹ ẹ́ ju bíi 350 sí 500 gíráàmù sísè lọ lọ́sẹ̀. Èyí tí a bá yan lórí iná tó ń jó lala tàbí tí a dín títí ó fi dúdú tún ní àwọn èròjà búburú tí sísè nínú omi kì í mú wá. N kò ní kí ẹ má jẹ súyà. Mo ń jẹ ẹ́.

Ó ku ìtàn kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Nígbà ìṣílé àbúrò mi, èmi ni mo se àgbò. Ó jinná, gbogbo èèyàn yìn mí. Ìkòkò ńlá kan kù. Mo dé e pinpin, mo gbé e sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, mo ní ó gbóná, kò lè bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì a kàn mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, a pín in. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, èèyàn mẹ́sàn-án to síwájú ṣáláńgá kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kòkòrò àrùn kan wà tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú bí a bá sè é. Inú ìkòkò ńlá tó ń fi gbogbo òru tutù díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ràn jù, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Ẹ pín in sínú abọ́ tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, kí ó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Bí iná kò bá sí, ẹ má tọ́jú rẹ̀. Ẹ pín in fún ará ilé àti ará àdúgbò lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ èyí tó wà ní fíríìjì, kó hó dáadáa, kì í ṣe lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ìbéèrè pọ̀, mo mú díẹ̀. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní inú eérú gbígbóná ni ìyá òun àgbà máa ń ri ìṣaasùn mọ́ di ọ̀sán. Mo ní ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi eédú ṣe é, kó jẹ́ ìta gbangba. Èéfín eédú nínú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa máa ń pa èèyàn lójú oorun. Ọmọbìnrin kan béèrè nípa ìkòkò alágbára tó ń fọn fèrè. Ó dára, ìdérí rẹ̀ ń há ooru mọ́ inú, omi inú rẹ̀ lè gbóná dé nǹkan bí 120, ó sì ń gé wákàtí sí bí ìdá mẹ́ta. Kò kàn ní pọ́n ẹran fún un, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n ọn kó tó dé e.

Mo wá ṣe àṣìṣe. Mo ní mo máa ń fi omitoro àgbò se ìkọ́kọrẹ́. Ariwo sọ! Ọ̀kan dìde, ó ní ẹja ni ìkọ́kọrẹ́, ẹja yíyan àti edé, pé ọmọ Rẹ́mọ kò lè wá sí Òde wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ro ewùrà. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹja náà ni mo ń fi sí i, omi nìkan ni mo pààrọ̀. Wọn kò gbà. A gbé e tì síbẹ̀.

Bàbá kan tó sin ìyàwó rẹ̀ wá, tó ti jókòó pẹ̀lú abọ́ náà lórí itan láti ìgbà díẹ̀, ló béèrè kẹ́yìn. Ó ní dókítà sọ fún òun pé gout ló ń wú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òun, ṣé òun lè máa mu omitoro yìí lójoojúmọ́ kó lè ràn án lọ́wọ́? Mo ní rárá, sà. Ohun tó ń fa ìrora yẹn wà nínú ẹran, ó sì ń yọ́ sínú omi rẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń yọ́. Ẹ jẹ ègé ẹran kékeré kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo abọ́ náà títí. Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn fi ìka kan ṣí ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, ó fi ìkejì bù ú, ó tọ́ ọ wò, ó sì bi mí bóyá ọrùn nìkan ni tàbí mo fi ìrù mọ́ ọn.